Ẹyẹ Kan Tó Padà Sí Àríwá

Ibi tí ọkùnrin náà máa ń jókòó sí kì í gbẹ. Ohun tí Odile Surette kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, kó tó wá ṣàkíyèsí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Atẹ́gùn orí Cap-des-Lampes, imú ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun, kì í ṣe atẹ́gùn ṣeréṣeré. Aṣọ tí wọ́n bá sá síbẹ̀ láàárọ̀ á ti le gbagidi kí ọ̀sán tó pọ́n. Síbẹ̀, ní igun kan lórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí òkun, omi wà lórí pákó, ó fẹ̀ tó ìdí ènìyàn kan, kò gbẹ, kò sì ṣàn. Odile á fi àkísà nù ún láàárọ̀, á tún bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó gbà pé pákó náà ti ń jẹrà ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ju kó máa bá pákó ṣe àríyànjiyàn lọ.

Ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rẹ̀ rèé tó ti ń ka ẹyẹ. Lọ́dọọdún, nígbà tí ewé igi bá pọ́n tó sì ń wọ́, àwọn ẹyẹ á kúrò ní àríwá, wọn á gba etí òkun lọ sí gúúsù, gbogbo wọn ló sì ń kọjá níwájú imú ilẹ̀ yìí bí ìgbà tí ìjọ bá ń gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ọ̀sán gangan, Odile á wà lórí bẹ́ǹṣì, awò olójú méjì lọ́rùn rẹ̀, ìwé lórí itan rẹ̀, pẹ́ńsù létí rẹ̀. Àṣá wà níbẹ̀, àwòdì wà níbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ òkun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ni ẹyẹ funfun ńlá kan tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ dúdú. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní ẹyẹ wèrè, nítorí bó ṣe máa ń ti òkè réré forí sọ omi bí ẹni tí ayé sú.

Àǹtí Delphine, àbúrò ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, òfin rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹyẹ tó bá lọ sí gúúsù, fi kún un. Èyí tó bá ṣẹ́rí padà sí àríwá, yọ ọ́ kúrò, torí yóò tún kọjá lọ́jọ́ mìíràn, a kì í sì í ka ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ojú rẹ kò bá rí, má kọ ọ́, bíṣọ́ọ̀bù ì báà sọ ọ́ fún ọ. Bí o bá sì ṣàṣìṣe, má fi rọ́bà pa á rẹ́. Fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí, kọ orúkọ rẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí àṣìṣe náà kà lábẹ́ ìlà. Àǹtí Delphine máa ń sọ pé ìwé tí wọ́n bá ti parẹ́, ìwé èké ni.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹwàá, Odile gòkè dé orí imú ilẹ̀, ó sì bá ọkùnrin náà ní igun bẹ́ǹṣì rẹ̀. Kóòtù òjò yẹ́lò ló wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Odile kí i. Kò dáhùn títí ẹyẹ bí ogójì fi kọjá.

"Mélòó ló ti lọ?" ló bèèrè, ohùn rẹ̀ rọra bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn.

Odile wo ìwé. "Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀? Ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀. Ṣé láti ìlú Halifax lẹ ti wá?"

Kò sọ ibi tó ti wá. Ó kàn mi orí, bí ẹni tó wà ní ọsibítù tó ń retí kí wọ́n pe nọ́ńbà òun. Odile tún ṣàkíyèsí nǹkan kan tí kò kà sí. Lórí Cap-des-Lampes, kò sí ojú tí kì í sunkún. Atẹ́gùn ibẹ̀ ń fa omi lójú àgbà, ó ń fà á lójú ọmọdé, àní ajá pàápàá. Áńkáṣíìfù Odile kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọkùnrin yìí là sílẹ̀ gbagada sí atẹ́gùn náà, ó sì gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá. Ìbéèrè kan ṣoṣo náà ló sì máa ń béèrè.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Odile ní, Rhéal lórúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó síngbọnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gbòòrò, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Bàbá rẹ̀, Zoël, ni omi gbé lọ ní ọdún tó kọjá nínú oṣù yìí kan náà. Òkun kò dá òkú rẹ̀ padà. Ní ọjọ́ kẹwàá ni wọ́n ṣe ìsìn ìrántí ọdún kan fún un, Rhéal ló sì gbé àbẹ́là. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Rhéal fẹ́ wọ ọkọ̀ apẹja Sainte-Rose lọ sókun fún ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn mẹ́rin, ní ipò tí bàbá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Odile ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ti sunkún. Ó ti fi orúkọ Màríà Mímọ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù tó ń ba ìyá náà kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni ní abúlé: bí omi bá tún gbé èyí lọ, kò sí ẹni tó kù tí yóò máa pè é ní Màmá.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ lọ, Rhéal gbé fúláàsì kọfí gòkè wá bá a.

"Màmá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ yín."

"Mo ti wọ̀ ọ́."

"Ṣé èyí tó ń yọjú lápò yín yẹn náà lẹ wọ̀?"

Ó jókòó sí igun bẹ́ǹṣì, ó sì fò dìde. "Háà! Ta ló tọ̀ síbí?"

Odile rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìn. "Pákó ló ti jẹrà. Yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, o ń dí mi lójú. Wo ẹyẹ wèrè mẹ́tàdínlógún tó ń bọ̀ yẹn."

"Èmi ò mọ ẹyẹ kankan, àfi èyí tó bá wà nínú ọbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí láti kékeré. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, Rhéal kò bi ìyá rẹ̀ rí, àní lẹ́ẹ̀kan, pé ẹyẹ mélòó ló ti lọ. Bí àlejò bá bi í, á ní, "Ẹ bi Màmá, òǹkà kì í gbé orí mi."

"Bí mo bá dé, kí n bá pòtétò nílé," ni Rhéal wí, ó ń ti fúláàsì sí i lọ́wọ́. "Èmi ni màá gé àlùbọ́sà. Ẹ̀yin ti sunkún tó."

Odile tún rẹ́rìn-ín, torí kò sí ẹni tí àlùbọ́sà ń fìyà jẹ bíi Rhéal. Ẹyọ kan péré, omi á ti máa dà lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n nà lẹ́gba, á máa fa imú, á máa bú àlùbọ́sà àti ẹni tó gbìn ín. Odile ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà títí orí rẹ̀ fi wọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sí etí ìwé, níbi tó máa ń kọ atẹ́gùn àti àlejò sí: *Rhéal gbé kọfí wá. Ó bá Sainte-Rose lọ, ọjọ́ mẹ́jọ.*

Ọjọ́ kọkàndínlógún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Atẹ́gùn ti fi òru mẹ́ta gbá ilé, Odile kò sì sùn. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìgbì tó ń gbọ́ níbi yìí, òun náà ni Rhéal ń gbọ́ lọ́hùn-ún. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún. Láàárọ̀ yẹn, ẹyẹ ń kọjá bí ẹni pé ẹnì kan tú wọn dà sílẹ̀. Ó ń kà wọ́n ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ kú, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ọkùnrin náà jókòó ní àyè rẹ̀.

"Ọ̀kan padà," ni ọkùnrin náà wí.

"N kò rí i."

"Abẹ́ ìgbì ló gbà. Àríwá ló kọrí sí. Ẹ yọ ọ́ kúrò."

"Ohun tí ojú mi ò bá rí, n kì í kọ ọ́, ọ̀gá."

Ẹyẹ ń kọjá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ sí i: "Ìyáàfin Surette, tí ẹ kò bá yọ ọ́, kò ní lè wọlé."

Odile kò sọ orúkọ rẹ̀ fún un rí. Ó yẹ kí èyí ta á lólobó. Ó sì yẹ kó bi í pé irú ẹyẹ wo ló ń wá ilé wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó wuwo àti ohun tó fúyẹ́ kì í yàtọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹyẹ kan péré nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí ló kù síbẹ̀? Ó kọ ọ́: ẹyẹ wèrè, àríwá, yọ ọ̀kan.

Bí pẹ́ńsù ṣe kúrò lórí ìwé, ó gbọ́ tí ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn pé kò gbọ́ èémí rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń wá. Ó yíjú sí i, kò sì bá ẹnì kankan níbẹ̀. Ó fọwọ́ kan igun bẹ́ǹṣì. Pákó náà gbẹ.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún, Sainte-Rose wọ èbúté. Odile sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ bí gbogbo obìnrin abúlé ṣe máa ń ṣe. Ọkùnrin mẹ́rin ló lọ, ọkùnrin mẹ́rin ló sì ń bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kẹta ni Zoël. Ó gbé àpò aṣọ kọ́ èjìká, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Odile. Ojú ẹ rí bí ojú ẹni tí kò sùn."

"Atẹ́gùn ni," ni Odile wí, wọ́n sì jọ ń lọ sílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí ti fẹ́ máa bi mí pé Rhéal ńkọ́. Odile kò bèèrè. Ọ̀gá ọkọ̀ kò bèèrè. Kò sí ẹnì kan ní èbúté náà tó rántí pé wọ́n bí ẹnì kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó rántí pé omi gbé Zoël lọ. Nǹkan kan kúrò láàyè rẹ̀, nǹkan mìíràn bọ́ síbẹ̀, kò sì pariwo. Odile kàn dúró díẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, bí ẹni tó wọ yàrá tó sì gbàgbé ohun tó wá mú, lẹ́yìn náà ó wọlé.

Inú rẹ̀ dùn sí ọkọ rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó fẹ́ràn kí ẹnì kan wúwo lórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn Zoël tutù bí òkúta ìsàlẹ̀ omi, tí kò sì móoru bó ti wù kí aṣọ ìbora pọ̀ tó. Ó ń sọ pé òtútù òkun ni. Oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀. Odile ní àgbà ti ń dé. Ìjókòó àga rẹ̀ ní ilé ìdáná máa ń tutù rinrin. Odile á nù ún. Láràárọ̀, bó bá ń di okùn bàtà láti gòkè lọ, Zoël á ti àárín yàrá béèrè pé:

"Mélòó ló ti lọ?"

Odile á sì sọ fún un.

Nǹkan méjì ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Yàrá kan wà ní òkè àtẹ̀gùn tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ dáadáa, bàtà rọ́bà ńlá kan sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó tóbi ju ẹsẹ̀ Zoël lọ. Nígbà tó bi Zoël, ọkọ rẹ̀ wo bàtà náà fún ìgbà pípẹ́. "Má da ara ẹ láàmú," ló sọ. "Àlejò kan ló gbàgbé ẹ̀." Èkejì ni pé ní gbogbo alẹ́, Odile máa ń gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀ sórí tábìlì, á wò wọ́n, á sì dá ọ̀kan padà. Ẹni tó ń ka ẹgbẹ̀rún láàárọ̀ kò mọ àwo kà nírọ̀lẹ́. Ó ní àárẹ̀ ni. Àárẹ̀ ló ń ka gbogbo nǹkan sí nígbà náà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kọkànlá ni kíkà máa ń parí. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, Odile gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Delphine, kí wọ́n lè jọ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Àǹtí Delphine ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì mú.

"O ti rù," ló kọ́kọ́ sọ. "Ṣé Zoël ò fún ẹ lóúnjẹ ni, àbí ẹyẹ ló ń jẹ tìẹ?"

"Ẹ kú ọ̀sán, Àǹtí."

"Jókòó. Má tíì ka òǹkà. Ka ọ̀rọ̀ etí ìwé sí mi létí ná, òǹkà ò dùn tó òfófó."

Odile ṣí ìwé. Omi ń hó lórí sítóòfù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án, ó ń ka atẹ́gùn, ó ń ka àlejò, Àǹtí Delphine sì ń bú àwọn àlejò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, Odile kà á jáde pé, "'Rhéal ní kí n wọ ìbọ̀wọ́.'"

"Ta ni Rhéal?"

"N ò mọ̀." Ó ṣí ojú ewé. "'Rhéal bá mi gbé awò. Ó ní orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì.'" Ó tún ṣí i. "'Oṣù Kẹwàá, ọjọ́ kẹwàá. Kò sí kíkà lónìí. Ìsìn ìrántí ọdún kan fún Zoël. Rhéal gbé àbẹ́là. Ó sunkún, mo ní kó fun imú.'"

Omi hó dà sórí iná, kò sí ẹni tó dìde.

"Zoël wo?" ni Àǹtí Delphine béèrè.

"Zoël mi. Mo fi í sílẹ̀ nílé, ó ń fá irùngbọ̀n."

"Ìwé ta ni?"

"Ìwé mi ni."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ọwọ́ mi rèé."

Ìyá àgbà náà na ọwọ́ sórí tábìlì, ó wá ọwọ́ Odile rí, ó dì í mú. "Odile, dá mi lóhùn, má purọ́ fún mi. Ǹjẹ́ o ti kọ ohun tí ojú ẹ ò rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ọkùnrin kan ló sọ fún mi. Ó ní ọ̀kan padà."

"Kóòtù yẹ́lò."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ kíkà ló wá bá èmi náà. Ó ní mélòó ló ti lọ. Mo ní tó bá ń dùn ún láti mọ̀, kó jókòó kó kà á. Kò bi mí mọ́."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Mo sọ fún ẹ pé ohun tójú ẹ ò bá rí, má kọ ọ́. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?" Ṣùgbọ́n omijé ti ń bọ́ lójú Àǹtí Delphine. "Mo rò pé ìyẹn ti tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ, mo mọ̀, mo sì pa á mọ́ra. Ìyẹn ni ẹ̀bi tèmi."

Odile tẹjú mọ́ orúkọ náà lórí ìwé. Ó pè é sókè, kò sì mú nǹkan kan wá. "Ta ni Rhéal, Àǹtí?"

"Èmi náà ò rántí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé kọfí gòkè lọ bá ẹ nínú atẹ́gùn yẹn, tó tún ń ní kó o wọ ìbọ̀wọ́," ó fun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, "ọmọ ẹ ni."

Odile kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tí ó kù fún un. Òfin àṣìṣe wà, òun fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ìlà kan, àti orúkọ.

Lọ́jọ́ kejì, kò rí Zoël nílé nígbà tó jí. Orí bẹ́ǹṣì ló ti bá a, ní igun yẹn, nínú kóòtù òjò yẹ́lò kan tí Odile kò bá a rà rí. Atẹ́gùn àríwá ń gé ni lára. Ẹyẹ kò pọ̀ mọ́. Ìgbà náà ti ń tán. Odile jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń wo òkun bí àwọn tọkọtaya tó ti pẹ́ pọ̀, títí oòrùn fi gòkè.

"Má fa ìlà yẹn," ni Zoël wí.

"Ta ni Rhéal?"

Zoël tẹjú mọ́ omi.

"Zoël, ta ni Rhéal?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ omi níbẹ̀," ló rọra sọ. Kò wò ó. "Ibẹ̀ tutù, Odile. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó ti rẹ èmi náà."

Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ láìsí ìbínú. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ojú ọkùnrin náà, imú tó mọ̀, etí tó mọ̀, ó sì fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi ń dùn ún. Orúkọ tó wà nínú ìwé kò ní ojú, kò ní ohùn, kò lè rántí rẹ̀ ní ọmọ ọwọ́. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti fi gba ohun tí ọwọ́ òun kọ gbọ́, kò sì mọ ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn ń gbà jẹ́ olóòótọ́. Ó sì wo ojú Zoël nínú atẹ́gùn náà. Ó là gbagada. Ó gbẹ.

Odile ṣí ìwé sí ọjọ́ kọkàndínlógún, ó fa ìlà kan, ó kọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ẹyẹ wèrè kan ń kọjá, òun nìkan, ó súnmọ́ omi, gúúsù ló ń lọ. Ojú rẹ̀ rí i. Ó ń wò ó títí kò fi rí i mọ́, ó sunkún bí obìnrin tí wọ́n tún ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di opó, ó sì kọ ọ́: ọ̀kan. Ní igun bẹ́ǹṣì, kò sí ẹnikẹ́ni. Omi ló wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdí ènìyàn kan.

Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí orúkọ náà fi já lù ú láyà. Rhéal! Ọjọ́ tó bí i, tí yìnyín di ọ̀nà pa tí agbẹ̀bí kò lè dé. Eyín rẹ̀ tó kọ́kọ́ ká. Ọwọ́ gbòòrò yẹn. Báwo ni ìyá ṣe ń gbàgbé? Odile sáré. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, orúnkún méjèèjì ń dún, ó sáré títí dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, bàtà rọ́bà ńlá sì wà níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ tútù lára rẹ̀.

Rhéal jókòó ní ilé ìdáná, ó ti rin pòtétò kún abọ́.

"Màmá, kí lẹ sáré fún báyìí? Ẹ kì í ṣọmọdé mọ́ o."

Odile dì mọ́ ọn. Ara Rhéal tutù. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté dé ni. Odile ní kó dákẹ́, kó jẹ́ kí òun wò ó, ó sì ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Lẹ́yìn náà àárẹ̀ gbogbo oṣù náà sọ̀kalẹ̀ sí i lára lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì jókòó sórí àga, ó gbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ sinmi," ni Rhéal wí. "Èmi ni màá gé àlùbọ́sà, àbí mi ò ti sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó mú ọ̀bẹ. Ilé ìdáná móoru, òórùn pòtétò gba inú ilé, ọ̀bẹ ń lọ kẹ́kẹ́kẹ́ lórí pákó. Ojú Odile ti ń pa dé. Àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí ta á lójú níbi tó jókòó sí. Ó retí kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ èpè rẹ̀, kó máa fa imú. Rhéal gé ọ̀kan. Ó gé ìkejì. Ó gé ìkẹta, ó fara balẹ̀, ó gé e dọ́gba, kò sì wí nǹkan kan.

Odile la ojú.

Rhéal kò gbé orí sókè. "Mélòó ló ti lọ?" ló rọra béèrè.

Odile na ọwọ́ sí ìwé, ó ṣí i síbi ọjọ́ kọkàndínlógún. Ìlà náà wà níbẹ̀, ó tọ́, orúkọ òun náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ ìlà, ọ̀kan tó yọ kúrò ṣì ṣeé kà ketekete, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, bí ilẹ̀kùn tí wọn kò tì pa. Nígbà tó gbójú kúrò nínú ìwé, ọ̀bẹ ti dúró. Ọmọ rẹ̀ ń wò ó láti òdìkejì tábìlì, lórí àlùbọ́sà mẹ́ta tó ti gé, ojú rẹ̀ là, ó gbẹ, ó sì ń retí ìdáhùn.